Pọ́m̀pù àbí Sẹ́mì? Ìbọn Tí Òfin Kò Fún Onílé Kankon Láyè Láti Ní

Ìpàdé àwọn onílé ládùúgbò kan ní Kankon, lágbègbè Badagry, ti fẹ́ parí kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ tó mú ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ti sọ ti owó iná, wọ́n ti sọ ti gọ́tà tó dí. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wọ abẹ́ páànù tí wọ́n jókòó sí, ọmọkùnrin kan sì ti lọ fa jẹnẹrétọ̀ kékeré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà náà ni alága wú ikọ́. Ilé méjì ni àwọn olè já láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì de bàbá onílé kan mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́," ọkùnrin kan tó ti gbé Houston rí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n á ti kó ẹrù lọ. Ìbọn ni kálukú gbọ́dọ̀ ní nínú yàrá rẹ̀. Sẹ́mì lèmi ní lọ́hùn-ún. Téèyàn bá ti ń fà á, ó ń yìn nìyẹn."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n, pọ́m̀pù ni," mẹkáníìkì kan dá a lóhùn. "Bí olè bá ti gbọ́ ìró tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ, ó ti fò kúrò lórí fẹ́ǹsì nìyẹn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan mi orí. Ìyá kan tó ń tajà lọ́nà ibodè Sẹ̀mẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n máa tọ́jú ìbọn náà sí tí ọmọ-ọmọ òun ọdún mẹ́ta kò fi ní fọwọ́ kàn án. Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Bàbá ọdẹ kan, ọmọ ẹ̀yà Ògù, ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ láì sọ nǹkan kan. Nígbà tó lanu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú méjèèjì, èwo ni ìjọba máa fún yín níwèé rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rí i dáhùn. Ìdáhùn sì wà nínú ìwé òfin láti ọdún 1959: kò sí ọ̀kankan. Bí ó ti wù kí ẹni tó ń ta ìbọn rọra sọ̀rọ̀ tó, bí ó ti wù kó fi dáni lójú tó pé "wọ́n ń gbà á", pọ́m̀pù àti sẹ́mì kò sí lára ìbọn tí ọ̀gá ọlọ́pàá lè buwọ́ lù fún onílé. Mo kọ àpilẹ̀kọ yìí nítorí pé mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí níbi púpọ̀, láti Àjárà dé Mọ̀wó, ó sì ń dùn mí pé àwọn ènìyàn tí kò jalè, tí kò pa ẹnikẹ́ni, fẹ́ fi owó ara wọn ra ẹ̀wọ̀n.

Ọta kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òfin sílẹ̀ ná, nítorí pé àwọn tó ń jiyàn nípa ìbọn méjèèjì kò parọ́: ìyàtọ̀ wà láàárín wọn.

Ọta kan náà ni wọ́n ń jẹ: kátíríìjì oníke tí ìdí rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí ètù àti ọta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni oníwọ̀n 12. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pín ni bí kátíríìjì tó ti jó ṣe ń jáde, tí òmíràn sì ń bọ́ sí ipò rẹ̀.

Lára pọ́m̀pù, abẹ́ ẹnu ìbọn ní ìdìmú kan tí ọwọ́ òsì máa ń wà. Bí a bá yìn ín tán, a ó fa ìdìmú yìí sẹ́yìn, òfìfo á fò jáde. A ó tì í síwájú, tuntun á wọlé. Apá ẹni ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Remington, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, gbé èyí tí wọ́n ń pè ní 870 jáde ní 1950, nígbà tó sì fi di 2009 wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù mẹ́wàá rẹ̀. Ìbọn ọdẹ ni, ìbọn ọlọ́pàá ni, ìbọn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni pẹ̀lú.

Sẹ́mì kò nílò apá. Agbára ìyìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: nínú àwọn kan, gáàsì tó jáde lára ètù ni, nínú àwọn mìíràn, bí ìbọn ṣe ń ta padà sí èjìká ni. John Browning, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe Auto-5, èyí tí ilé iṣẹ́ FN ní Belgium bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jáde ní 1902.

Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìjà-sí nínú iṣẹ́ ológun rí, tó sì ti fẹ̀yìn tì sí Badagry, ṣàlàyé fún mi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dójú tini. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba pọ́m̀pù jẹ́. "Ọwọ́ ẹni tó ń gbọ̀n kì í fà á dé òpin. Á fà á dé ìdajì, á tì í padà, ìbọn á há. Olè á wà níwájú rẹ̀, òun á máa bá irin jà." Ti sẹ́mì, ó ní ìdọ̀tí àti ọta burúkú ni. Bí kátíríìjì kò bá lágbára tó, kò ní lè ti irin padà. Bí èérí ètù bá sì pọ̀ nínú rẹ̀, á dákẹ́ sí ẹni tó ni ín lọ́wọ́.

Ó wá fi kún un pé, "Ẹ tún wo ibi tí ẹ ń gbé." Mo wò ó. Kankon kò jìnnà sí òkun. Páànù tí a kàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti ń pupa, ìṣó inú fèrèsé ti ń jẹra, ẹ̀rọ amúlétutù kì í pẹ́ rárá. Ìbọn tó ní irin wẹ́wẹ́ nínú, tí onílé kan fi aṣọ wé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò tú u nù, tí kò fi òróró sí i láti ọdún dé ọdún, kì í ṣe ohun ìgbẹ́kẹ̀lé ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Nípa ìró tí mẹkáníìkì gbẹ́kẹ̀ lé, òótọ́ ni pé olè kan lè gbọ́ ọ kó sá. Olè mìíràn lè gbọ́ ọ kó mọ yàrá tí onílé wà, kó sì kọ́kọ́ yìn tirẹ̀ gba inú ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ àwọn adigunjalè tó ń ṣọṣẹ́ lójú ọ̀nà yìí kì í mú ọ̀bẹ dání lásán.

Ohun tí ìwé òfin sọ

Òfin ìbọn Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ìpín mẹ́ta ní ìparí rẹ̀. Ìpín kìíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀: àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni níyọ̀ǹda rẹ̀.

Ìpín kejì ni ìbọn tí ẹni kọ̀ọ̀kan lè gbàwé rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ìbọn ọdẹ ọlọ́ta ẹyọ kan sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yọ irú méjì kúrò lára ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ náà: èyí tó ń kì ara rẹ̀, yálà ọtomátíìkì tàbí sẹ́mì, àti èyí tó ní ẹ̀rọ ìkìbọn èyíkéyìí. Sẹ́mì ti bọ́ sóde pẹ̀lú gbólóhùn àkọ́kọ́. Pọ́m̀pù ti bọ́ sóde pẹ̀lú ìkejì, nítorí pé ìdìmú tí wọ́n ń fà yẹn, ẹ̀rọ ìkìbọn ni. Ohun tó sì bọ́ sóde ìpín kejì, tí kò sí ní ìpín kẹta, ìpín kìíní ni òfin jù ú sí.

Ìpín kẹta ni ṣakabùlà, ìbọn tí ọdẹ ń fi ètù kì láti ẹnu rẹ̀.

Ohun tó kù fún onílé tó fẹ́ tọ ọ̀nà òfin ni ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, èyí tí a ń ṣẹ́ lágbede méjì, tí a ń fi ọwọ́ ki kátíríìjì kan tàbí méjì bọ ìdí rẹ̀, tí a ó tún ṣẹ́ kí a tó lè kì í lẹ́ẹ̀kejì. Òun náà kì í ṣe ohun tí a ń rà bí ẹni ra àdá. Òfin ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ìyà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn èèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni òfin 1959 fi ṣe èyí tó kéré jù. Òfin ìdigunjalè ti 1984 náà tún wà, tó dá owó ìtanràn 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì pọ̀, fún ẹnikẹ́ni tó ní ìbọn láì gbàwé. Òfin kò bi onílé bóyá olè ló fẹ́ fi lé.

Agbẹjọ́rò kan tó ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn ní Badagry sọ ọ́ fún mi lọ́nà tí n kò ní gbàgbé. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 33, gbà pé ènìyàn lè fi agbára tó tọ́ gba ara rẹ̀ tàbí dúkìá rẹ̀ lọ́wọ́ ìwà ipá. "Ó ṣeé ṣe kí adájọ́ dá ọ sílẹ̀ lórí olè tó kú," ó ní. "Á wá ṣí ojú ìwé kejì: pọ́m̀pù tí o fi yìn ín, níbo lo ti rí i? Ẹ̀sùn kejì yẹn kò ní ìdáhùn."

Láti Brussels dé èbúté wa

Kí ló dé tí òfin fi gba ṣakabùlà tí kò gba pọ́m̀pù? Ẹ fiyè sí ọdún tí wọ́n ṣe é: 1959, ọdún kan kí òmìnira tó dé. Gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Badagry mọ ìbọn kó tó mọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìwé. Ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, ìbọn àti ètù wà lára ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ra ènìyàn ní etíkun yìí. Ìbọn tó wọlé ni wọ́n fi ń kó ẹrú tó ń jáde. Nígbà tí ogun Kírìjí ń jà láàárín 1877 àti 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé tí a ń kì láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tó ń ṣòwò ní Èkó, ìyẹn sì yí ojú ogun náà padà. Àwọn òyìnbó amúnisìn rí i pẹ̀lú.

Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù péjọ sí Brussels, wọ́n buwọ́ lu àdéhùn kan lórí òwò ẹrú. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fòfin de ìbọn ìgbàlódé ní apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ adúláwọ̀, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta àti ètù lásán ni wọ́n yọ̀ǹda. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ pa òwò ẹrú run. Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ni pé ìbọn tó dára wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́gun wa, èyí tó ń pẹ́ kì sì wà lọ́wọ́ wa. Bí mo bá wo ìpín mẹ́ta inú òfin 1959, ojú ìwé Brussels ni mo ń rí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé òfin òyìnbó ni, kò kàn wá. Ó kàn wá. Láti 1960 títí di òní, ìjọba tiwa ni, wọn kò sì pa á rẹ́. Bí àwọn aṣòfin bá fẹ́ tún un wò, ẹ̀tọ́ wọn ni, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é ní gbangba. Adájọ́ tó bá gbé ìwé náà lọ́wọ́ lónìí kò ní bi ẹnikẹ́ni ta ló kọ ọ́.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin

Bí kò bá sí ìwé fún pọ́m̀pù, báwo ló ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Èbúté ni.

Ní 22 January 2017, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ ńlá kan dúró lójú ọ̀nà Mile 2 sí Apapa. Nínú kọ̀nténà rẹ̀, pọ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀kùn irin, ni àpótí 49 wà tí pọ́m̀pù 661 kún inú rẹ̀. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí wọ́n tún rí 440 ní èbúté Tin Can. Ní September ọdún kan náà, 1,100 tún jáde ní Tin Can, 470 sì tẹ̀lé e kí oṣù tó parí. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 2,671 ni, láàárín ọdún kan ṣoṣo, ní ìlú Èkó nìkan. Túrúkì ni àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn ti wá, débi pé ọ̀rọ̀ náà di ti ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè àti aṣojú ìjọba Túrúkì.

Ní 2024, ó tún ṣẹlẹ̀ ní èbúté Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers: ìbọn 844 àti ọta 112,500, nínú kọ̀nténà tó tún ti Túrúkì wá.

Èyí tí wọ́n rí nìyẹn. Olúkúlùkù ará Badagry mọ̀ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà láàárín wa àti orílẹ̀-èdè Benin pọ̀ ju ibi tí àwọn aṣọ́bodè jókòó sí lọ. Ọkọ̀ ojú omi wà, ọ̀kadà wà, òru sì wà. Nígbà tí ìjọba ti ibodè ní August 2019, ìrẹsì kò yéé wọlé. Kò sí ìdí tí ìbọn fi máa yéé wọlé.

Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé wọ́n ń rí pọ́m̀pù ní gbangba. Fìjìláńtẹ̀ gbé e kọ́ èjìká, ẹ̀ṣọ́ olówó gbé e jókòó síwájú ọkọ̀, ọlọ́pàá kọjá kò sọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ilé epo bi mí pé, "Ṣé gbogbo wọn ni ẹ̀wọ̀n ń dúró dè?" Mo sọ fún un pé ẹni tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀ kì í ṣe ẹni tí òfin gbà láyè.

Ohun mìíràn tún wà. Ìbọn tó gba ibodè wọlé láì níwèé kò ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ olúwa rẹ̀. Ẹni tó ra á kò mọ ẹni tó ti lò ó, ibi tí wọ́n ti lò ó, tàbí ẹni tí wọ́n fi pa. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, gbogbo ìtàn ìbọn náà di tirẹ̀.

Ògiri tí kò dá ọta dúró

Èyí ni apá tí mo fẹ́ kí àwọn òbí fara balẹ̀ kà, nítorí pé nínú gbogbo àríyànjiyàn pọ́m̀pù àti sẹ́mì, òun ni wọn kì í sọ.

Kátíríìjì ńlá oníwọ̀n 12 kan, èyí tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín, máa ń ní ọta mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́jọ lọ. Ìyìn kan, ọta mẹ́sàn-án. Ẹni tó ni ìbọn ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí dé ibi tó bá dúró sí.

Ibo ló máa dúró sí ní Kankon? Àwọn ilé tuntun jẹ́ bíríkì oníhò tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò pọ̀. Lápá etíkun, àwọn ilé pákó àti ilé ọparun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ìdílé mẹ́ta ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Ilẹ̀kùn wa, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ògiri pákó kò lè dá ọta bẹ́ẹ̀ dúró. Ọta tó bá ṣi olè wà lọ́nà yàrá tí ìyá ń sùn, tàbí ilé aládùúgbò tó ń jí bọ̀ láti wá ran onílé lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ kò nílò ìfojúsùn, pé èèyàn kàn máa kọjú rẹ̀ sí apá ibẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá. Láti igun yàrá kan dé ìkejì, ọta wọ̀nyẹn kò tíì ráyè tàn ká. Wọn kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nígbà tí wọ́n bá kan ohun tí wọ́n kàn. Ẹni tí kò bá fojú sùn dáadáa lè ṣì í pátápátá, yálà ó fa ìdìmú ni o, yálà ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Ọmọ ńkọ́? Ìbọn tí a ti kì sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà nítòsí fún onílé, ó sì wà nítòsí fún ọmọdé. Ìbọn tí a tì pa sínú àpótí irin, tí ọta rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò ní pa ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní tètè jáde nígbà tí olè bá wọlé pẹ̀lú. Ìyá ọlọ́jà yẹn lóye ọ̀rọ̀ ìbọn ju ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tó wà níjókòó lọ, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Lọ́hùn-ún náà, ìbéèrè pọ̀

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wà ní Houston lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra pọ́m̀pù tàbí sẹ́mì, kó sì gbé e lọ sílé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ náà sọ ní 2008, nínú ẹjọ́ District of Columbia àti Heller, pé ẹni kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú ìbọn sílé fún ààbò ara rẹ̀. Òfin wọn nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá kó àṣà náà bọ̀ wálé láì kó òfin rẹ̀ bọ̀, ewu ló gbé wọlé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn 16 ní Hungerford ní 1987, òfin 1988 dín iye ọta tí pọ́m̀pù àti sẹ́mì lè gbà kù gidigidi fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ pàtàkì. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Tony Martin ti ṣẹlẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè nípa pọ́m̀pù. Àgbẹ̀ ni, ó ń dá gbé nínú ilé oko ní Norfolk. Ní òru 20 August 1999, olè méjì wọlé tọ̀ ọ́. Ó gbé pọ́m̀pù tí kò ní ìwé rẹ̀, ó yìn ín. Ọmọkùnrin ọdún 16 kan kú. Ẹ̀yìn ni ọta ti bá a. Wọ́n dá Martin lẹ́bi ìpànìyàn ní 2000. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín ẹ̀sùn náà kù ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì jáde lẹ́wọ̀n ní 2003. Ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀ káàánú rẹ̀. Àánú kò dá ẹ̀wọ̀n náà dúró.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe irọ́

Èmi kò ní sọ fún ará Kankon pé kó má bẹ̀rù. Agbègbè yìí ti rí nǹkan. Ní August 2003, ìjọba Olusegun Obasanjo ti ibodè Benin pa nítorí Hamani Tidjani, ọ̀gá àwọn adigunjalè tó ń jí ọkọ̀ ní Nàìjíríà kó wọn kọjá sí òdìkejì. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Mali, wọ́n sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ní April 2020, nígbà ìsémọ́lé kòrónà, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó àti Ògùn kò sùn. Ọkùnrin ń dáná táyà lójú títì, àdá lọ́wọ́, nítorí ìròyìn pé àwọn ọmọ ìta ń bọ̀. Nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta pọ́m̀pù.

Ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá tó wà, àwọn Ògù ní etíkun yìí, láti Badagry dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ti ń ṣọ́ òru wọn. Zangbeto ló ń ṣe é. Ẹ̀mí òru tó wọ ìko rẹpẹtẹ, tó ń yí po bí òòyì, máa ń jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ awo rẹ̀, wọ́n á yí ìlú ká, wọ́n á mọ ẹni tó jáde àti ẹni tó wọlé. Àgbàlagbà kan ní Badagry sọ fún mi pé nígbà èwe òun, olè tí Zangbeto bá lé kì í padà wá. Agbára rẹ̀ wà nínú pé gbogbo ìlú jí, pé wọ́n mọ ojú ara wọn, pé àlejò kò lè rìn lóru kí wọ́n má bi í. Onílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra pẹ̀lú pọ́m̀pù kò ní èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Lónìí, ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí wọ́n fi òfin 2016 dá sílẹ̀. Wọn kì í gbé ìbọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ríran kí wọ́n sì ta ọlọ́pàá lólobó. Nọ́ńbà 767 àti 112 wà fún ìpè pàjáwìrì. Àwọn àdúgbò kan lójú ọ̀nà yìí ti so iná sójú títì, wọ́n gbé géètì sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba ọlọ́dẹ méjì tó ń fọn fèrè, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí kò sí fún àdúrà àárọ̀ àbí fídíò ẹ̀rín, ìròyìn òru nìkan ni. Ẹni tó ní ajá tó ń gbó dáadáa ti ní ìró tó lè lé olè, láì ní pọ́m̀pù.

Kò tó. Mo mọ̀. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá kò bá ní epo, nọ́ńbà pàjáwìrì kò ju nọ́ńbà lọ. Níbi yìí ni mo ti ń bá ìjọba wí. Kankon ni ibùjókòó ìjọba ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Badagry. Ó yẹ kí owó tí wọ́n ń gbà lórúkọ wa ra epo fún ọkọ̀ tó ń yí òru. Ó yẹ kí ọ̀nà tí onílé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lè gbà béèrè fún ìwé ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì hàn kedere, kí iye owó rẹ̀ hàn, kí ọjọ́ tí ìdáhùn máa dé hàn. Nísinsìnyí, ẹni tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ béèrè lè jáde pẹ̀lú ìbẹ̀rù ju èyí tó gbé wọlé lọ, nígbà tí ẹni tó ń ta pọ́m̀pù ń fẹnu dídùn pè é láti ẹ̀yìn. Bí ọ̀nà òfin bá dí pa, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ ló ṣí.

Ohun kan sì wà tí kò ní ná ẹnikẹ́ni ní owó púpọ̀. Kí àwọn ọlọ́pàá tẹ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òfin 1959 sórí ìwé kan, ní èdè Yorùbá àti èdè Ògù, pẹ̀lú àwòrán ìbọn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gbogbo àgọ́ láti Sẹ̀mẹ̀ dé Mile 2, kí wọ́n sì rán ẹnì kan wá sí irú ìpàdé àwọn onílé báyìí láti kà á sókè kí àwọn ènìyàn tó dá owó ìbọn jọ.